Èémí Ọkọ̀ Tí Kì Í Gúnlẹ̀

Ká ní wọ́n kó gbogbo àwọn tó ń fi ariwo jẹun láyé yìí jọ, tí wọ́n ní kí olórí wọn bọ́ síwájú, Bàbá Ariwo nìkan ni ì bá dìde, ìyẹn bí orúnkún rẹ̀ bá gbà fún un. Orúnkún náà ni kì í gbà mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Láràárọ̀, kó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, yóò kọ́kọ́ jókòó, yóò máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bí onílé ṣe ń wo ayálégbé tó kọ̀ tí kò kó jáde.

Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn ló ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlógójì. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju èyí lọ: ohunkóhun tí kámẹ́rà bá rí tí etí kò gbọ́, òun ni yóò bá a wá ohùn rẹ̀. Bí òṣèré bá ń rìn lórí yìnyín, Bàbá Ariwo ni yóò máa fún àpò ìyẹ̀fun mọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máìkì. Bí wọ́n bá ṣẹ́ ọrùn ọ̀tá nínú eré, kárọ́ọ̀tì ló ṣẹ́. Wọ́n ní ó fi agboòrùn kan ṣoṣo ṣe ìyẹ́ ẹyẹ ńlá, ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi àti aṣọ ọba tó ń wọ́ nílẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, òjò sì rọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó tún fi agboòrùn náà bo orí lọ sílé.

Ṣùgbọ́n eré kan ló sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń tọ́ka sí ní títì. Ọkọ̀ Tí Kì Í Gúnlẹ̀ ni wọ́n ń pe eré náà. Eré ọjọ́ iwájú ni, nípa ọ̀ọ́dúnrún èèyàn tí ayé wọn jóná, tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ ńlá kan, tí wọ́n wá ń rìn kiri láàárín àwọn ìràwọ̀, tí wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò gúnlẹ̀ sí. Ọdún méje gbáko ni wọ́n fi wá a, wọn ò rí i, títí ilé-iṣẹ́ fi ní ó tó, kí wọ́n pa iná. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n bá ń ṣe é, bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ ní títì, èèyàn yóò gbọ́ ọ ní àdúgbò kejì. Olè pàápàá kì í jáde nírọ̀lẹ́ náà. Ó jókòó sílé, ó ń wò ó.

Ohun tó mú wọn kì í ṣe ìbọn oníná tàbí aṣọ tó ń dán. Èémí ọkọ̀ náà ni. Nígbàkígbà tí àwọn èrò inú rẹ̀ bá sùn tán, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Yóò fà á sínú díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fa ẹrù gòkè. Yóò dúró, àyà rẹ yóò já pé ó ti tán. Lẹ́yìn náà ni yóò wá tú u jáde, gbogbo ara tẹlifíṣàn yóò máa gbọ̀n. Àwọn ìyá ń fi rẹ ọmọ lẹ́kún. Aláìsàn kan wà tí dókítà ti ní kò sí ohun tí òun lè ṣe mọ́. Wọ́n gbé tẹlifíṣàn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó bá ọkọ̀ náà mí pọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, ó sì dìde béèrè oúnjẹ.

Gbogbo èèyàn ló ń bi Bàbá Ariwo léèrè pé kí ló fi ṣe é. Èsì kan náà ló ń fún wọn: ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo ni, ó ní òun gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ̀rọ àgbàdo lásán ni. Lọ́dún kejì, ó ti ní bẹ́líìtì mẹ́ta. Nígbà tó fi máa di ọdún karùn-ún, ojú kan ló kù fún ẹni tó ni ẹ̀rọ náà. Ọjọ́ tí ìwé ìròyìn wá bá a, tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, olójú kan náà ti kú, ẹ̀rọ náà sì ti kọ̀, kò lọ àgbàdo fún ẹlòmíràn mọ́. Wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ onígíláàsì kan nítorí èémí yìí, wọ́n sì gbẹ́ àwòrán ẹ̀rọ àgbàdo sí i lára. Orí tẹlifíṣàn ní pálọ̀ ni ó wà di òní.

Irọ́ ni. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí bẹ́líìtì. Ìyàwó rẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyàwó náà, ọkọ rẹ̀ pàápàá kò pè é ní ohun mìíràn. Nígbà tí eré náà bẹ̀rẹ̀, yàrá kan àti pálọ̀ ni wọ́n ń gbé. Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni Nọ́ọ̀sì ti ń ṣiṣẹ́ òru; ó ń jáde lọ nígbà tí ayé ń wọlé, ó ń wọlé nígbà tí ayé ń jáde. Ọjọ́ kan wá dé tó jẹ́ pé ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni ọ̀gá tó ń darí eré nígbà náà fẹ́ gbọ́ èémí ọkọ̀. Bàbá Ariwo ti fẹ́ atẹ́gùn sínú ìgò, ó ti wọ́ àpótí lórí símẹ́ǹtì, ó ti gbé etí lé ẹ̀yìn fíríìjì títí etí rẹ̀ fi gbóná. Kò sí èyí tó jọ nǹkan kan. Aago mẹ́jọ àárọ̀ kọjá díẹ̀, Nọ́ọ̀sì wọlé, kò kí i, kò jẹun, ó ṣubú lé bẹ́ẹ̀dì tòun ti bàtà funfun lẹ́sẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.

Ìhanrun yẹn kì í ṣe ti ọmọ aráyé. Ife tó wà lórí tábìlì rìn dé etí tábìlì, ó wo ìsàlẹ̀, ó sì padà. Alángbá tó wà lára ògiri dákẹ́ kó lè gbọ́. Bàbá Ariwo rọra gbé máìkì sí ìdí bẹ́ẹ̀dì, ó gba ogún ìṣẹ́jú sílẹ̀, ó sáré dé ibi iṣẹ́, ó dín ìyára téèpù náà kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ohun tó jáde mú ọ̀gá náà dìde lórí àga. Kí nìyí, ọ̀gá bi í. Bàbá Ariwo wo òkè àjà, ó ní ẹ̀rọ àgbàdo ni.

Kì í kúkú ṣe pé ó fẹ́ràn irọ́ ju ẹlòmíràn lọ. Oṣù kan ṣáájú, ó ti fi ẹ̀fẹ̀ sọ fún Nọ́ọ̀sì pé ó máa ń hanrun. Nọ́ọ̀sì ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òun kò hanrun rí, bóyá ara rẹ̀ ló ń gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀ láìsọ ju “Oúnjẹ rèé” lọ. Bàbá Ariwo lè ṣe ariwo ohun gbogbo láyé, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ Nọ́ọ̀sì ń bà á lẹ́rù ju àrá lọ. Bí irọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó sì jẹ́ kó pẹ́ ni pé Nọ́ọ̀sì kò wo eré náà rí. Ní wákàtí tí gbogbo ìlú bá jókòó sí iwájú ọkọ̀, òun ti wà ní wọ́ọ̀dù, ó ń wọn ìgbóná ara ọmọ ọlọ́mọ.

Ogójì ọdún kọjá. Nọ́ọ̀sì fẹ̀yìn tì, Bàbá Ariwo fẹ̀yìn tì, orúnkún nìkan ni kò tíì fẹ̀yìn tì nínú ìyà tó ń fi jẹ ẹ́. Ọjọ́ kan ni àkọ́bí wọn obìnrin pè lórí fóònù pé wọ́n fẹ́ jí Ọkọ̀ Tí Kì Í Gúnlẹ̀ dìde. Ilé-iṣẹ́ kan ló rà á, irú èyí tí ń fi eré sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí èèyàn lè dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo kó wo ohun tí àwọn ará àtijọ́ fi odidi ọdún kan dúró dè. Bàbá Ariwo ní ó dára. Ó rò pé ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Kò parí. Lọ́sẹ̀ kejì, obìnrin tó ń darí eré tuntun náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sílé. Ọ̀gá Eré ni àwọn tó bá a wá ń pè é. Ó tó ọmọ ọdún márùnlélógójì, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí kò rí ìsinmi láti oṣù mẹ́ta. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó jókòó sí etí àga, ó sì ro ẹjọ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè ṣe ìràwọ̀, ó lè ṣe iná, ó lè sọ àgbà òṣèré di ọ̀dọ́. Èémí ọkọ̀ ni kò lè ṣe. Téèpù àkọ́kọ́ ti hu funfun, ó ti lẹ̀ mọ́ra. Èyí tó kù nínú eré àtijọ́, ọ̀rọ̀ àti orin ti dàpọ̀ mọ́ ọn, kò ṣeé yọ. Wọ́n wá fi kọ̀ǹpútà ṣe òmíràn, wọ́n gé ìṣẹ́jú méjì nínú eré tuntun sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí àwọn èèyàn tọ́ ọ wò. Àwọn tó wo eré náà lọ́mọdé bú wọn bí ẹni bú olè. Ọ̀kan ní fíríìjì ìyá òun ń mí ju ọkọ̀ yìí lọ. Òmíràn ní ọkọ̀ náà ti kú, kí wọ́n lọ sin ín. Ìyá àgbà kan kọ ọ́ pé òun ti sunkún nítorí ọkọ̀ yẹn rí, òun kò ní sunkún nítorí fáànù.

“Bàbá, bí a ò bá rí èémí yẹn gbà, ilé-iṣẹ́ ti ní kí n yọ ọ́ kúrò pátápátá,” Ọ̀gá Eré wí. “Ọkọ̀ náà á kàn máa lọ ni, á dákẹ́. Níbo ni ẹ̀rọ àgbàdo yẹn wà?”

Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ó ń ká aṣọ tó ti gbẹ. Bàbá Ariwo wò ó, ó wo àmì-ẹ̀yẹ orí tẹlifíṣàn, ó ní ẹ̀rọ náà ti di àlòkù irin tipẹ́tipẹ́. Ọ̀gá Eré ní kò burú, kó ṣáà júwe rẹ̀, àwọn ní mẹkáníìkì tó lè kan ohunkóhun.

Ibẹ̀ ni òtítọ́ yẹ kó ti jáde. Ṣùgbọ́n òtítọ́ gùn, irọ́ ló wà nítòsí, ó sì ti rẹ Bàbá Ariwo. Ó júwe ẹ̀rọ. Ó júwe bẹ́líìtì mẹ́ta, ó júwe kẹ̀kẹ́ onígi tó ń yí bẹ́líìtì, ó tilẹ̀ fi kún un pé èyí tó wà láàárín máa ń yọ̀ bí òjò bá ṣú. Ọ̀gá Eré kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi kan ẹ̀rọ náà. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, Bàbá Ariwo kò sùn. Bó bá di ojú, bẹ́líìtì ni yóò máa yí lójú rẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé tí wọ́n pè é wá wò ó, ó rí i pé wọn ò fi ohun kan sílẹ̀ nínú gbogbo ohun tó fẹnu dá: kẹ̀kẹ́ onígi wà níbẹ̀, bẹ́líìtì mẹ́ta wà níbẹ̀. Wọ́n tàn án. Ẹ̀rọ náà bú jáde bí ọgọ́rùn-ún ewúrẹ́ tó kó sínú garawa. Wọ́n dín in kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta, ó wá dà bí ọgọ́rùn-ún ewúrẹ́ tó ń sunkún. Mẹkáníìkì nu girísì ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó ní bóyá àgbàdo ni kò dára. Ọ̀gá Eré wo kàlẹ́ńdà orí fóònù rẹ̀. Ó ní ọjọ́ Ẹtì ni òun gbọ́dọ̀ parí ìpín àkọ́kọ́ eré náà. Bí Ẹtì bá kọjá, ọkọ̀ á dákẹ́ nìyẹn.

Bàbá Ariwo wọ bọ́ọ̀sì sílé, ó dúró lórí ìdúró, kò sẹ́ni tó dìde fún un. Ó rò ó láti ibi tó ti wọ bọ́ọ̀sì títí dé ibi tó ti bọ́ sílẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló rí, ọ̀nà náà kò sì dára: kó tún Nọ́ọ̀sì gbà sílẹ̀ láìsọ fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Nọ́ọ̀sì dùbúlẹ̀ lórí àga gígùn ní pálọ̀. Bàbá Ariwo tẹ fóònù, ó gbé e sí ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó ń retí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì kò sùn bí ó ti ń sùn tẹ́lẹ̀ mọ́. Oorun àgbà ni, oorun ẹyẹ, tí eṣinṣin bá fò kọjá ní òpópónà kejì, ojú rẹ̀ ti là. Àárẹ̀ tó ń pariwo nínú rẹ̀ nígbà èwe ti jáde kúrò lára rẹ̀ lọ́jọ́ tó bọ́ aṣọ iṣẹ́. Bàbá Ariwo jókòó síbẹ̀ wákàtí kan. Ohùn kan ṣoṣo tó wọ inú fóònù ni orúnkún òun fúnra rẹ̀ nígbà tó fẹ́ dìde.

Lọ́jọ́rú, ó tún ṣe é.

“Bàbá wọn,” Nọ́ọ̀sì wí láìlajú, “kí lẹ ń fi fóònù ṣe nídìí ẹsẹ̀ mi?”

Bàbá Ariwo la ẹnu kó parọ́. Ogójì ọdún ni irọ́ fi ń tò sẹ́nu rẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó ń dúró de aago. Ní ọ̀sán yìí, ó la ẹnu, kò bá ẹyọ kan níbẹ̀.

“Nọ́ọ̀sì,” ó ní, “ìwọ ni ọkọ̀ yẹn.”

Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí bẹ́ẹ̀dì títí dé orí ẹ̀rọ oníbẹ́líìtì mẹ́ta. Kò ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Nígbà tó parí, Nọ́ọ̀sì dìde jókòó.

“Mi ò kì í hanrun,” ó ní.

“Mo mọ̀.”

“Ẹ jẹ́ n gbọ́ ọ.”

Ó wá eré àtijọ́ jáde lórí fóònù. Àwọn méjèèjì fi orí kan orí lórí gíláàsì kékeré náà. Àwọn èèyàn inú ọkọ̀ sùn. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ tán, ó ní kó tún un ṣe. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Ó bi í pé ọdún wo ni. Bàbá Ariwo sọ ọdún náà fún un, ó sọ oṣù náà. Nọ́ọ̀sì wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

“Oṣù tí àìsàn kó àwọn ọmọdé nìyẹn,” ó ní. “Èkejì mi ní wọ́ọ̀dù lọ bímọ, wọn ò rí ẹni dípò rẹ̀. Òru mọ́kànlá tó tẹ̀lé ara wọn ni mo fi ṣiṣẹ́. Ọmọ mẹ́rin ló kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo.” Ó tọ́ka sí fóònù. “Àárẹ̀ mi lẹ gbà sílẹ̀ yẹn, Bàbá wọn. Ẹ fi wa ọkọ̀ fọ́dún méje. Ẹ wá ní àgbàdo ni.”

Bàbá Ariwo dojú fóònù dé ilẹ̀.

“Ẹ ní mo sùn tòun ti bàtà?”

“Tòun ti bàtà.”

“Ṣé ẹ bọ́ ọ fún mi?”

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti bi í láti ogójì ọdún, èyí ló wọ̀ ọ́ lára jù. “Mi ò bọ́ ọ,” ó ní. “Bí mo bá bọ́ ọ, ariwo rẹ̀ á wọnú téèpù.”

Nọ́ọ̀sì mi orí bí ẹni tí wọ́n ka èsì àyẹ̀wò fún. Ó dìde, ó lọ sí ilé ìdáná, ó sì gbé oúnjẹ rẹ̀ wá. Bàbá Ariwo ń retí “Oúnjẹ rèé.” Kò sọ ọ́. Ohun tó sọ ni pé ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn méjèèjì ni yóò jọ lọ. Ẹnu tó fi pe òun ní ẹ̀rọ, ẹnu náà ni yóò fi tú u sílẹ̀, níwájú gbogbo wọn, kí òun máa wò ó.

Sitúdíò náà wà ní àjà kẹta, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè sì ti bàjẹ́. Bàbá Ariwo fi ọwọ́ kan di irin àtẹ̀gùn mú, Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ kejì. Ní àjà kìíní wọ́n sinmi, ní àjà kejì wọ́n sinmi. Yàrá tí wọ́n wọ̀ kò ní fèrèsé, fóòmù dúdú ni wọ́n fi bo ògiri rẹ̀. Ọ̀gá Eré wà níbẹ̀, mẹkáníìkì wà níbẹ̀, ẹlẹ́rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ náà wà níbẹ̀, tó fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi gbọ́ ohùn létí kọ́ ọrùn. Bàbá Ariwo kò jókòó. Ó ní bí òun bá jókòó, òun á sinmi díẹ̀, bí òun bá sinmi, òun á parọ́. Ó sọ ọ́ lórí ìdúró.

Mẹkáníìkì ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ. “Bàbá, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wá bẹ́líìtì kẹta yẹn.”

“Mo mọ̀, ọmọ mi. Ẹ̀kíní pàápàá kò sí.”

“Olójú kan yẹn ńkọ́?”

“Ojú rẹ̀ méjèèjì pé,” Bàbá Ariwo wí. “Òun fúnra rẹ̀ ni kò sí.”

Ẹlẹ́rọ fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Ọ̀gá Eré kò rẹ́rìn-ín. Ó rìn lọ bá Nọ́ọ̀sì, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ìyá òun kì í sí nílé; ohùn yẹn ni òun fi ń sùn. Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀. “Inú mi dùn,” ó ní, “pé ẹnì kan rí oorun sùn nínú rẹ̀.”

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó gbìyànjú. Wọ́n wá tìmùtìmù, wọ́n wá ìrọ̀rí, wọ́n dín iná kù, wọ́n so máìkì mẹ́rin rọ̀ yí i ká. Nọ́ọ̀sì dùbúlẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ní ìrọ̀rí náà ga jù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó bi ẹlẹ́rọ pé ìgbà wo ni ọrùn ti ń dùn ún, nítorí bó ṣe ń yí i kò dára. Nígbà tó fi di ìṣẹ́jú ogún, ó ti dìde, ó ti fi ẹlẹ́rọ jókòó sórí tìmùtìmù náà, ó ń tẹ èjìká rẹ̀, ó ní iyọ̀ oúnjẹ rẹ̀ pọ̀ jù. Ọ̀gá Eré fi orí ti ògiri. Ó ti ń wá nọ́ńbà àwọn tó máa pè láti sọ fún wọn pé kí wọ́n yọ èémí náà kúrò.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Bàbá Ariwo ti jókòó sínú àga kan ní kọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò fojú kan oorun, ogójì ọdún tí irọ́ fi jókòó lé e láyà, gbogbo rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Orí rẹ̀ ti ṣubú sẹ́yìn. Ó fà á sínú, bí ẹni ń fa ẹrù gòkè. Ó dúró, àyà gbogbo wọn já. Ó sì tú u jáde. Fóòmù ara ògiri gbọ̀n. Abẹ́rẹ́ tó ń wọn ohùn fò lọ sí apá ọ̀tún, ó kọ̀, kò padà.

Ẹlẹ́rọ wo Ọ̀gá Eré. Ọ̀gá Eré wo Nọ́ọ̀sì.

“Ẹ gbà á sílẹ̀,” Nọ́ọ̀sì wí. “Òun náà ò béèrè lọ́wọ́ mi.”

Wọ́n yọ́ gbé máìkì lọ bá a. Wọ́n gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n gba ogún. Kò sẹ́ni tó mira. Láàárín rẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì rìn lọ síwájú àga, ó fi ọwọ́ ti orúnkún ara rẹ̀ títí ó fi dé ilẹ̀, ó tú okùn bàtà ọkọ rẹ̀, ó bọ́ ti ọ̀tún, ó gbé e kalẹ̀. Kó. Ó bọ́ ti òsì, ó gbé e kalẹ̀. Kó. Ẹlẹ́rọ di orí mú. Ó fi ọwọ́ júwe fún un pé ariwo bàtà ti wọ inú rẹ̀, ó ti bà á jẹ́.

“Jẹ́ kó wọ ọ́,” Nọ́ọ̀sì wí, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀.

Nígbà tí Bàbá Ariwo jí, wọ́n ti dín in kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta, ó ń jáde láti inú sípíkà ńlá méjì. Kò rí bíi ti àtijọ́. Ti àtijọ́ le, ó ń fa gbogbo ayé lẹ́yìn. Eléyìí ń wọ́ ẹsẹ̀. Ó ń ronú kó tó mí, bí ẹni ń ronú kó tó gun àtẹ̀gùn. Ọ̀gá Eré ní bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn, nítorí nínú eré tuntun, ogójì ọdún ni ọkọ̀ náà ti fi wà lójú òfuurufú láìrí ibi gúnlẹ̀ sí, òun náà ti darúgbó. Bàbá Ariwo tẹ́tí. Ó fi ọwọ́ nu ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀.

“Ta nìyí?” ó bi wọ́n.

“Ẹ̀rọ àgbàdo ni,” Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn. “Ó ní bẹ́líìtì mẹ́ta.”

Bàbá Ariwo wo ìsàlẹ̀, ó rí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó rí bàtà rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Eré náà jáde. Àwọn tó bú wọn tẹ́lẹ̀ kọ ọ́ pé ọkọ̀ ti jí. Orúkọ Nọ́ọ̀sì gan-an ni wọ́n kọ síwájú níbi tí wọ́n kọ “Èémí ọkọ̀” sí, orúkọ ọkọ rẹ̀ tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ohun tó gba ẹnu àwọn èèyàn ni ìró méjì yẹn. Ní àárín èémí, kó. Lẹ́yìn díẹ̀, kó. Àwọn kan ní ọkàn ọkọ̀ ni. Àwọn kan ní ẹnì kan ló ń kan ilẹ̀kùn láti ìta, kí wọ́n dúró de ìpín kẹta, yóò hàn. Ẹnì kan ka àlàfo tó wà láàárín ìró méjèèjì, ó fi ṣe ìṣirò, ó ní ó bá ọ̀nà tó wà láàárín ìràwọ̀ méjì kan mu.

Ìwé ìròyìn pe Bàbá Ariwo. Wọ́n ní kó jọ̀ọ́, kí ni ìró méjì yẹn? Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, fóònù wà létí rẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Irọ́ tó dára mẹ́ta ló yọjú sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ní ìjì nínú.

“Bàtà ni,” ó ní.

Ẹni tó pè é rẹ́rìn-ín títí. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé àgbà ọ̀jẹ̀ kọ̀, kò tú àṣírí náà. Nọ́ọ̀sì kà á sókè fún un ní pálọ̀, ó ká ìwé ìròyìn náà, ó fi bo ojú nítorí oòrùn tó ń gba fèrèsé wọlé.

“Wọn ò gbà yín gbọ́,” ó ní láti abẹ́ ìwé náà.

“Wọn ò gbà mí gbọ́.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́,” Nọ́ọ̀sì wí. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú tòun ti bàtà, ó sì ń retí.

Bàbá Ariwo di apá àga mú, orúnkún rẹ̀ dún bí igi gbígbẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi bàtà náà láti bọ́ ọ.